Ẹni Tó Bá Aláìsàn Wá: Ipò Ẹbí Nínú Ìtàn Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ, Láti Abúlé Àró Dé Orí Fóònù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò dùn-ún bí. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í sábà dúró yẹ ìdajì rẹ̀ kejì wò. Ìdajì àkọ́kọ́ ń sọ nípa àwa tí a dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí a ń wòran. Ìdajì kejì ń sọ nípa ẹnì kan tí kò sí lójú agbo, èyíinì ni òbí, ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ìyá ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹni tó bá dúró ní ìkóríta Orè, níbi tí ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ àti èyí tó ń ti Bìní bọ̀ ti máa ń pàdé, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Bí asínwín bá ń rìn láàrin àwọn ọkọ̀ níbẹ̀, àwọn èrò a wò ó láti ojú fèrèsé, àwọn kan a rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ a sì gbéra. Ṣùgbọ́n ilé kan wà níbìkan tí wọ́n ti ń wá a, tàbí tí wọ́n ti wá a títí tí ó sú wọn.

Ìdajì kejì òwe náà ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ìtàn ìtọ́jú àrùn ọpọlọ nílẹ̀ Yorùbá. Mo gbà pé ẹbí ni òpó tí ìtọ́jú wèrè gbára lé láti ayébáyé títí di òní. Nítorí pé gbogbo ènìyàn gbà pé òpó náà yóò dúró, ẹni tó bi í léèrè bí ẹrù ṣe wọ̀ ọ́ lọ́rùn kò pọ̀. Nínú gbogbo ètò ìjọba tí mo mọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló kó irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀ jọ sójú kan, ìyẹn ni Abúlé Àró ní Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Bí a bá ń gbèrò lónìí láti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ran ẹbí aláìsàn lọ́wọ́, pàápàá ní ibi tó jìnnà sí oníṣègùn ọpọlọ bíi Ajue ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ìtàn Àró ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú palẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n dé, ọwọ́ adáhunṣe ni ìtọ́jú wèrè wà. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta láàrin 1957 àti 1959, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo egbò asofẹ́yẹjẹ láti fi mú ara aláìsàn rọlẹ̀. Igi yìí àti igi kan tí àwọn ará Íńdíà ń lò jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Lára ti Íńdíà ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù ti fa oògùn reserpine yọ ní 1952. Àwọn adáhunṣe wa kò ṣe àfojúdi nígbà náà tí wọ́n bá ní àwọn mọ ohun tí àwọn ń ṣe.

Àmọ́ kì í ṣe oògùn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Orúkọ tí a ń pe àrùn náà pàápàá ń nàka sí ará ilé. Wèrè ìran wà, wèrè àfiṣe wà, wèrè amútọ̀runwá sì wà. Bí ó bá jẹ́ ti ìran, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ilé ni kò mọ́. Bí ó bá jẹ́ àfiṣe, ta ló ṣe é? Orogún ni ojú kọ́kọ́ máa ń wò, tàbí àbúrò bàbá, nígbà mìíràn ìyá fúnra rẹ̀. Èyí tó tọ̀run wá nìkan ló jọ bí ẹni dá ará ilé láre, síbẹ̀ wọn yóò ṣì bi ìyá bóyá ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tó wà nínú oyún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹbí ṣe di olùtọ́jú àti afurasí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi kún un pé bí wọ́n bá ń wádìí ìdílé kí ìgbéyàwó tó wáyé, wèrè, wárápá àti ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣọ́ jù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń fi aláìsàn wọn pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ìkà. Àwọn àbúrò rẹ̀ tí kò tí ì lọ́kọ ni wọ́n ń rò.

Ìjọba amúnisìn gba ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú wèrè sí Yábàá ní 1907, òfin lórí ọ̀rọ̀ wèrè jáde ní 1916, ní 1944 sì ni ọgbà Lántòrò ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláìsàn ọpọlọ, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú ń ti ojú ogun padà bọ̀. Ọwọ́ ọlọ́pàá àti adájọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ju ọwọ́ dókítà lọ. Jonathan Sadowsky, ẹni tó ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì àti lẹ́tà àwọn aláìsàn ìgbà náà fún ìwé rẹ̀ Imperial Bedlam tó jáde ní 1999, fi hàn pé àwọn ilé náà kún àkúnfàya, àti pé ìtìmọ́lé ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìwòsàn lọ. Òfin wèrè tó tinú èyí jáde, tí wọ́n tún tò ní 1958, kò kúrò nílẹ̀ títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Ní gbogbo ìgbà Yábàá àti Lántòrò yìí, ẹnu géètì ni ẹbí máa ń parí sí.

Adéoyè Lambo ni ó ṣí géètì náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1923. Ó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, ó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà wálé láti wá ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Àró. Kíkọ́ rẹ̀ kò tí ì parí nígbà náà. Lambo kò káwọ́ gbera títí kàpẹ́ńtà yóò fi kan ìlẹ̀kùn tó kẹ́yìn. Ó yíjú sí àwọn abúlé tó yí ọgbà náà ká, ó sì bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé.

Májẹ̀mu kan wà nínú ètò náà, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, yálà ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àǹtí, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ tí yóò sì lọ mú un padà wálé lọ́sàn-án. Ilé ìwòsàn ní tirẹ̀ yá àwọn onílé lówó láti fẹ ilé wọn lójú, wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n ṣe ṣáláńgá, wọ́n sì ń gbógun ti ẹ̀fọn. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà nítorí pé kò sí ìwàásù níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ará abúlé kàn fẹ́ràn wèrè lásán. Wọ́n rí i pé bí aláìsàn ṣe ń wọlé ni omi ń wọlé. Àsìkò pẹ̀lú bọ́ sí i. Láti 1952 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn chlorpromazine tọ́jú wèrè ní Paris, irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì mú kí ó ṣeé ṣe fún ẹni tí àrùn rẹ̀ le láti máa gbé láàrin ènìyàn láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Lambo, àwọn adáhunṣe tí ó pè kí wọ́n wá bá a ṣiṣẹ́ ni a máa ń rántí jù. Kò yà mí lẹ́nu. Dókítà tó ti òkè òkun dé tó sì jókòó ti babaláwo, àwòrán tó wuni ni. Òkìkí rẹ̀ kàn ní ìpàdé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní Abẹ́òkúta ní 1961. Ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì ṣe igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 sí 1988. Ṣùgbọ́n ká ní a yọ adáhunṣe kúrò nínú ètò abúlé, ètò náà ì bá ṣì rìn. Ká yọ ẹni tó ń dáná kúrò, ó ti wó nìyẹn.

Kí ni ẹni tó ń dáná yìí fi sílẹ̀ nílé kí ó tó wá? Oko wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ yòókù wà níbẹ̀. Nínú àwọn ìwé Lambo tí mo kà, iṣẹ́ tí ẹbí ń ṣe hàn kedere. Bí ẹbí náà ṣe ń sùn lóru kò hàn. Ara ìwòsàn ni wọ́n kà á sí, bí a ti ń ka abẹ́rẹ́ àti bẹ́ẹ̀dì.

Síbẹ̀, ohun kan ní láti ṣẹlẹ̀ ní Àró tí ètò náà kò kọ sílẹ̀. Ìyá tó ti ń fi ọmọ pamọ́ ní ìlú rẹ̀ dé ibi tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ti ń tọ́jú ẹni bẹ́ẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ omi, kò sí ìdí fún un láti bojú. Kò ní láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń gbé ọ̀bẹ pamọ́ kí ó tó sùn. Ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ lè sọ fún ẹni tó dé lánàá pé oògùn náà a máa mú ọwọ́ gbọ̀n, kí ó má jáyà, kí ó sọ fún dókítà. Èrò ọkàn mi ni mo ń sọ yìí, n kò rí i kà nínú ìwé kankan. Àmọ́ ẹni tó bá mọ bí àwọn obìnrin ṣe ń gbé pọ̀ nínú agboolé kò ní sọ pé mo ṣìnà jìnnà.

Wọ́n máa ń fi Àró wé ìlú Gheel ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn nítorí ẹni mímọ́ Dymphna. Ìjọra náà kò jinlẹ̀. Ní Gheel, aláìsàn nìkan ni ó ń ṣe àlejò láàrin ẹbí ẹlòmíràn. Ní Àró, tòun ti ẹbí rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣàlejò. Ilé ìwòsàn Fann ní Dakar, níbi tí Henri Collomb ti gba ẹbí láàyè láti máa gbé pẹ̀lú aláìsàn, ni ó sún mọ́ Àró jù.

Ìyìn ẹbí tún dé láti ibòmíràn. Ìbàdàn wà lára ibùdó mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí ńlá lórí àrùn schizophrenia, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n padà wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún méjì, ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà ti sàn ju ti Lọ́ńdọ̀nù àti Washington lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n agboolé àti ẹbí ni ọ̀pọ̀ wọn tọ́ka sí. Wọ́n ń yin ẹbí bí àgbẹ̀ ṣe ń yin òjò. Ta ní í bi òjò bóyá ó rẹ̀ ẹ́?

Ètò abúlé náà kò wà bẹ́ẹ̀ títí. Lambo lọ sí Ìbàdàn ní 1963, Tolani Asuni sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àró, ó ń tún ètò náà ṣe, ó sì ń kọ nípa rẹ̀; ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ti pọ̀ nínú ọgbà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù kò lè fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó lọ máa dáná ní abúlé. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ojúṣe láìsí agbo: ẹbí ṣì ni yóò sanwó, ẹbí ni yóò ra oògùn, ẹbí ni yóò mú aláìsàn padà wá ní ọjọ́ tí wọ́n dá, àmọ́ kò sí ẹlòmíràn tó ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì èyí ló ṣẹlẹ̀. Ní 1970 bàbá kan, John Pringle, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Times láìfi orúkọ sí i, ó ṣàlàyé ohun tí ojú ilé rẹ̀ rí láti ìgbà tí àrùn yìí ti mú ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹbí mìíràn kọ̀wé sí i, nígbà tó sì di 1972 wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹbí bíi tiwọn dá ẹgbẹ́ NAMI sílẹ̀ ní Madison, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní 1979. Kí ló dé tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tètè hù nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí a ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo nǹkan títí kan aṣọ ẹbí? Lọ́hùn-ún, wọ́n tì ẹbí sẹ́yìn títí ó fi pariwo. Níhìn-ín, iwájú ni a gbé e sí, kò sì rọrùn fún ẹni tí a gbé síwájú láti sọ pé ó ti rẹ òun. Kí ìyá sọ pé ọmọ òun sú òun? Ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́?

Ìtìjú ló tún di ẹnu náà pa. Ní 2005, Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá jáde. Ìdá 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi léèrè ló gbà pé eléwu ni aláìsàn ọpọlọ nítorí ìwà ipá; ìdá 82.7 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀, ìdá 16.9 péré ló lè gbèrò láti fẹ́ ẹ. Ojú aláìsàn ni a máa ń fi wo irú iye yìí. Ẹ fi ojú ìyá rẹ̀ wò ó: nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá pàdé lọ́jà, mẹ́jọ ni kò ní fẹ́ dúró kí ọmọ rẹ̀. Bí ara ọmọ náà bá sì yá, a ṣì ní òwe tó ń dúró dè é, pé bí wèrè bá sàn tán, yóò ku èyí tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọdé.

Kí a wá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Ajue. Ilẹ̀ kòkó, ọ̀pẹ àti gẹdú ni agbègbè Odígbó, púpọ̀ nínú àwọn tó ń dáko níbẹ̀ ló sì ti ibòmíràn wá. Bí orí ọmọ bá dàrú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn tó yẹ kó bá ìyá àti bàbá ṣọ́ ọ mọ́jú wà ní ìlú tí wọ́n ti ṣí wá. Àkúrẹ́ ni wọ́n yóò wọkọ̀ lọ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó; ti Àró tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé àdúrà àti agboolé adáhunṣe ló sún mọ́ wọn. Ìròyìn tí Human Rights Watch gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ẹ̀wọ̀n ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn ní irú ibi bẹ́ẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. A máa ń bú ẹbí tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. N kò gbèjà ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n kí a tó búni, ó yẹ kí a béèrè iye òru tí kò fi fojú kan oorun kí ó tó gbé e lọ.

Fóònù ti wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ báyìí. Láti 2016 ni Mentally Aware Nigeria Initiative àti She Writes Woman ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù láti ran àwọn tí ìdààmú bá ọkàn wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ń ṣe. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń lò jù. Fún ẹbí, ibi tí mo rí àpẹẹrẹ tó jinlẹ̀ jù ni ètò REACT tí Fiona Lobban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Lancaster. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà: ẹ̀kọ́ nípa àrùn náà, ọ̀nà àtikojú ìṣòro, àti àyè tí ẹbí ti lè bá ẹbí sọ̀rọ̀. Wọ́n dán an wò lára ẹbí 800. Ìdààmú ọkàn àwọn tó lò ó dín kù, ṣùgbọ́n ti àwọn tí wọ́n kàn fún ní àkójọ ibi tí wọ́n ti lè rí ìrànlọ́wọ́ náà dín kù, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàrin wọn. Nígbà tí wọ́n tún fi ètò náà lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ́wọ́ ní ẹ̀ka NHS mẹ́fà, ẹsẹ̀ fà nílẹ̀: iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn, kọ̀ǹpútà wọn kò gbé e dáadáa, ẹ̀rù ohun tí ẹbí lè kọ síbẹ̀ sì ń bà wọ́n.

Mo ka àbájáde yìí pẹ̀lú Àró lọ́kàn. Ìsọfúnni nípa àrùn kì í ṣe ohun tí ìyá Àró rí gbà lọ́wọ́ ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan. Ó rí ẹni tí kò ní sá fún un. Bí ètò orí fóònù kan yóò bá wúlò fún ilé kan ní Ajue, ohùn ni yóò kọ́kọ́ jẹ́, ní Yorùbá àti ní ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń sọ nílé, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá tó mọ fóònù lò dáadáa kì í ka ìwé gígùn lórí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ni yóò mú un wọlé, bóyá nọ́ọ̀sì ilé ìlera tó wà nítòsí tàbí ìyálọ́jà. Kò sì yẹ kí ogun ènìyàn lé wà nínú agbo kan, kí ohùn lè mọ ohùn. Ewu wà ńbẹ̀ tí Lambo kò bá pàdé. Ní abúlé, gbogbo ojú ló rí ẹni tó wọlé; lórí fóònù, aṣègùn irọ́ lè wọ agbo ní òru kan kí ó sì ta ìwòsàn fún ẹni ogún. Ilé tí ènìyàn mẹ́rin ti ń lo fóònù kan kò sì ní àṣírí. Ìyá tó bá fẹ́ sọ pé ó ti rẹ òun lè ní láti dúró di ìgbà tó bá dé oko.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tó jẹ́ ti àwa òpìtàn. Àwọn ohùn tí àwọn ẹbí ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lónìí yóò bá fóònù tó bàjẹ́ lọ, kò sì tọ́ kí a máa kó wọn pamọ́ láìgba àṣẹ lẹ́nu wọn, nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ti Àró ṣì lè ṣeé gbà là. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nínú ilé tó gba ayálégbé ní àwọn ọdún 1950 ti di arúgbó báyìí ní àwọn abúlé yẹn. Mo dábàá pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu lọ bá wọn jókòó ní kíákíá. Wọ́n lè má rántí orúkọ aláìsàn kankan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rántí ẹni tó ń dáná.